Ọwọ́ Tó Dá Ẹrù Dúró

Ẹnu dùn ún rò'fọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń gbé ẹrù ni, Dókítà Ọláṣùpọ̀ ì bá ti kó gbogbo ẹrù etíkun Àpápá tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń di ẹnjiníà. Ọdún mẹ́fà ló lò ní ìlú òyìnbó, kò sì sí ẹni tó bá a pàdé tí kò ní gbọ́ nípa ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó tó kúrò níwájú rẹ̀.

Ní ọdún 1974, lẹ́tà kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójútó ẹ̀kọ́. Wọ́n ní àwọn ti wo àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà wò, ọkùnrin ló kún ibẹ̀, ọmọ ọlọ́lá ló pọ̀ jù nínú wọn, ìlú méjì mẹ́ta péré ni wọ́n sì ti wá. Wọ́n ní kí wọ́n dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ kí obìnrin, ọmọ tálákà àti ọmọ ẹ̀yà gbogbo rí àyè jókòó níbẹ̀. Yunifásítì tó bá ṣe é dáadáa, wọ́n á fún un ní ẹ̀rọ tuntun. Bí Dókítà ṣe gbọ́ ẹ̀rọ tuntun, ó di bàbá àwọn obìnrin àti tálákà lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó pè é ní Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Kò Yọ Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló fi ẹ̀kọ́ náà sí, aago méjì ọ̀sán géérégé, ìgbà tí gbogbo Mùsùlùmí wà lórí ìrun.

Rekiat ló wálé sọ èyí fún bàbá rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni Rekiat láàárín ọmọkùnrin mọ́kànlá, òun nìkan ni obìnrin, òun nìkan náà ló ti Ajégúnlẹ̀ wá. Àbúdù, bàbá rẹ̀, gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àbúdù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní olùkọ́ tó ní òun kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tó wá fi ẹ̀kọ́ náà sí àárín ìrun Jímọ̀, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣe é kọ́ nílé, àfi kéèyàn wọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ ọ.

Iṣẹ́ Àbúdù ni kó máa fi ọwọ́ darí kíréènì ní etíkun Àpápá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọdún 1951. Diepreye tó ń wa kíréènì, Ìjọ̀ ni. Akpevwe tó ń so okùn wáyà mọ́ ẹrù, Urhobo ni. Chukwuma, Íbò ni, ó padà dé lẹ́yìn ogun, wọ́n sì sún fún un bí ẹni pé àná ló lọ. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ká má tíì sọ ti èdè. Ọwọ́ ni gbogbo wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí ìka bá dojú kọ òkè tó ń yí, kí wọ́n gbé ẹrù sókè ni. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá dojú kọ ilẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ, kí kíréènì dúró gbagidi ni.

Òfin kan wà lórí ọwọ́ ìkẹyìn yìí, ẹ̀jẹ̀ ló sì bí i. Ní ọdún 1965, obìnrin agbálẹ̀ kan tó ń jẹ́ Josephine rí i pé ṣéènì fẹ́ já, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó na apá méjèèjì. Ẹni tó ń wa kíréènì lọ́jọ́ náà, tí kì í ṣe Diepreye, wò ó, ó ní ta ni agbálẹ̀ tó fẹ́ máa pàṣẹ fún òun. Irin já lu ọkùnrin méjì, kò sí èyí tó rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ti sin wọ́n tán, àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́yìn ilé ẹrù, ọ̀gá kankan kò pè wọ́n, wọ́n fẹnu kò. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá na apá méjèèjì, ì báà ṣe ọ̀gá, ì báà ṣe agbálẹ̀, ì báà ṣe ẹni tó mutí yó, kíréènì gbọ́dọ̀ dúró. Ẹni tó dá ẹrù dúró nìkan ló sì lè tú u sílẹ̀, òun ni wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí ẹrù á fi balẹ̀. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Wọn kò pè é ní ẹ̀kọ́, wọn kò sì retí kí ìjọba fún wọn ní ẹ̀rọ tuntun nítorí rẹ̀.

Ìdí kànga ẹ̀yìn ilé wọn ní Ajégúnlẹ̀ ni Rekiat ti kọ́ gbogbo èyí. Láti kékeré, Àbúdù á di okùn korobá mú, á sì kọjú sí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ ọmọ ni á máa wò. Bí Rekiat bá darí korobá náà gòkè, tó darí rẹ̀ balẹ̀, tí omi rẹ̀ sì dà, wọ́n á tún un ṣe. Àwọn ará ilé ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé omi tí gbogbo ayé ń pọn ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì wákàtí ni ti bàbá Rekiat. Nígbà tí ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀kán omi kan kì í dà mọ́.

Ohun tó wá ń dun Àbúdù nìyí. Gbogbo ọmọ ẹnjiníà ló gba káàdì kan. Kí ọdún kẹta wọn tó parí, ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí ẹrù kan gòkè kó sì darí rẹ̀ balẹ̀ ní etíkun, kí ẹni tó kọ́ ọ sì fọwọ́ sí káàdì rẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ṣófo kò ní wọ ọdún kẹrin. Àwọn mọ́kànlá ti ṣe tiwọn. Ìgbà mẹ́ta ni Rekiat ti lọ bá Dókítà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òjò ń ṣú. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní aṣọ tó wọ̀ lè há sínú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò ló wọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ ti inú rẹ̀ jáde: ó ní àwọn tó ń wa kíréènì ní Àpápá kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin, púrúǹtù ni wọ́n, ojú wọn kò tíì là. Ó ní òun lè bá a kọ lẹ́tà kó lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ sísè. Ó ní ire rẹ̀ lòun ń wá.

Inú bí Àbúdù débi pé kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun yóò lọ bá ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Rekiat bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí bàbá òun bá lọ jà níbẹ̀, wọ́n á ní ọmọ jàgídíjàgan Ajégúnlẹ̀ ni òun, káàdì náà á sì ṣófo títí ayé. Ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹrù kan yóò tún gòkè kí wọ́n tó lọ sí ìsinmi. Àbúdù gbà pé òun kò ní lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jókòó sí i láyà bí ẹ̀kọ tí kò dà.

Ọjọ́ tó kù náà ńkọ́? Ọjọ́ ìṣefẹ́fẹ́ Dókítà ló wá bọ́ sí. Ẹ̀rọ tí ìjọba ṣèlérí ti dé, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, inú àpótí pákó ni wọ́n dè é sí. Àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ìjọba fẹ́ wá wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe gbé e láti ilẹ̀ sórí lọ́rì. Dókítà ti dé láti àárọ̀ kùtù. Ó wo Àbúdù, Akpevwe àti Chukwuma láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ lọ dúró lẹ́yìn ilé ẹrù, aṣọ wọn kò ní jẹ́ kí fọ́tò dára. Diepreye nìkan ló fi sílẹ̀ lórí kíréènì, nítorí pé láàárín gbogbo àwọn tó mọ̀wé níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè wà á.

Láídé ló fún ní iṣẹ́ dídarí ẹrù náà. Ọmọ ọlọ́lá ni Láídé, bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ púpọ̀ ní ìlú, káàdì tirẹ̀ sì ti kún láti oṣù kejì. Rekiat wá ńkọ́? Ó fún un ní épírọ́ọ̀nù funfun àti tíréè tí ife tíì méje wà lórí rẹ̀. Ó ní ó dára kí àwọn àlejò rí i pé obìnrin wà nínú iṣẹ́ náà. Láti ẹ̀yìn ilé ẹrù tó wà, Àbúdù rí ọmọ rẹ̀ tó ń gbé tíì kiri etíkun tí òun ti fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣiṣẹ́, ojú sì tì í débi pé ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ti ọmọ ló ń tì í lójú. Ti ara rẹ̀ ni, pé ó gbà láti dúró sẹ́yìn ògiri bí adìyẹ tí òjò lé.

Àwọn àlejò jókòó. Dókítà ti ní kí wọ́n to àga wọn sún mọ́ ẹrù dáadáa nítorí fọ́tò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí bí òun ṣe ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ayé ti tì síta, ó ń na ọwọ́ sí Rekiat bí ẹni tó ń ta àga. Olórí àwọn àlejò náà, Misis Benson, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, gba ife tíì, kò mu ún. Ó ń wo ọmọ náà.

Láídé yí ìka sókè. Àpótí náà kúrò nílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló so ó fúnra wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti lé Akpevwe lọ sẹ́yìn ògiri. Okùn wáyà méjì ló gbé e. Ọ̀kan wọ inú họ́ọ̀kù dáadáa. Èkejì kò wọlé, ṣóńṣó ẹnu họ́ọ̀kù náà ló kàn fi kọ́, ó sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù ti ń gòkè. Ẹ̀yìn Láídé ni ìyẹn wà, òun náà kò sì wo ẹrù. Ojú àlejò ló ń wò, kí fọ́tò rẹ̀ lè dára.

Rekiat wà ní ìhà kejì pẹ̀lú tíréè rẹ̀, ó rí i. Kò pariwo, kò sì wá Dókítà lọ gbàṣẹ. Ó ju tíréè sílẹ̀, ife mẹ́fà fọ́ yángá lórí kọnkéré, ó sì na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ.

Kíréènì dúró gbagidi. Àpótí náà wà lókè, ó ga ju orí àwọn àlejò lọ, ó ń mì díẹ̀díẹ̀.

Dókítà gbaná jẹ. Ó ní kí Rekiat kúrò níbẹ̀, ó ní ó ti ba ọjọ́ jẹ́. Ó kọjú sókè sí Diepreye, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, pé kó máa gbé e lọ. Irú ọwọ́ tó ń jù yẹn, kò sí ẹni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí ní Àpápá. Diepreye gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ká apá mọ́ra, ó yọ orí lójú fèrèsé. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní èdè tí gbogbo etíkun gbọ́:

"Ọ̀gá, na who stop am go leave am."

Ìyẹn ni pé ẹni tó dá a dúró ló máa tú u sílẹ̀. Dókítà ní òun ni olùkọ́ níbẹ̀. Diepreye mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun gbọ́, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Láídé náà yí ìka títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ o! Púrúǹtù tí ojú rẹ̀ kò là, tí kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin, obìnrin nìkan ló wá ń wò.

Àbúdù ti jáde láti ẹ̀yìn ògiri. Ó rí okùn náà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sáré dé ibẹ̀ kí òun gba iṣẹ́ náà ṣe, ẹrù á balẹ̀ láyọ̀, káàdì ọmọ òun á sì ṣófo. Òfin sì ni òfin. Ó dúró síbi tó wà, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú sẹ́yìn.

Rekiat kọ́kọ́ fi orí júwe fún àwọn àlejò kí wọ́n dìde, kí wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n dìde, Misis Benson ló ṣáájú. Nígbà tí àga ti ṣófo tán, ó sọ apá kalẹ̀, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kọ ilẹ̀, ó ń rọra mì ín. Diepreye ń wo ọwọ́ yẹn bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé. Àpótí náà ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí korobá tó kún fún omi ti ń bọ̀. Ó kanlẹ̀. Wáyà kejì bọ́ kúrò lẹ́nu họ́ọ̀kù fúnra rẹ̀, ó jábọ́ sórí pákó gbì. Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ.

Rekiat pe Akpevwe, ó wá tún okùn so. Àbúdù náà wá dì í mú fún un, ó fi àtàǹpàkò ti wáyà wọnú họ́ọ̀kù, kò wo ojú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì wo tirẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà. Rekiat wá yí ìka sókè. Ẹrù gòkè, ó yí, ó kọjá, ó balẹ̀ sórí lọ́rì bí ẹni gbé ọmọ sùn. Àbúdù wo ilẹ̀ abẹ́ ẹrù náà láìmọ̀, bí ẹni ń wá omi tó dà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún.

Ẹ máa wá gbọ́ ti Dókítà. Kí eruku tó rọlẹ̀, ó ti nu ojú, ó ti tún táì ṣe, ó ti dúró níwájú àwọn àlejò. Ó ní ohun tí wọ́n rí yìí ni èso ẹ̀kọ́ òun. Ó ní òun ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ohun tí obìnrin lè ṣe bí olùkọ́ bá gbà á láyè. Ojú kì í ti wèrè, ará ilé rẹ̀ ni ojú ń tì. Chukwuma rọra tutọ́ sílẹ̀.

Misis Benson pe Rekiat. Ó bèèrè bóyá ó ní káàdì. Rekiat ti fi káàdì náà sí àyà láti àárọ̀, lábẹ́ épírọ́ọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí nǹkan kan fún un. Ó fà á yọ. Dókítà ti yọ bírò, ó ti na ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Misis Benson kò fi káàdì náà lé e lọ́wọ́. Ó wo ibi tí wọn yóò fọwọ́ sí, ó kà á sókè pé olùkọ́ tó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí bí a ṣe ń darí ẹrù ni kó fọwọ́ sí i. Ó wá bèèrè lọ́wọ́ Rekiat pé ta ló kọ́ ọ.

Rekiat wo Dókítà, ẹni tó ṣì lè jẹ́ kó yege tàbí kó já a kulẹ̀ ní ọdún kẹrin. Àbúdù rí i pé ọmọ náà ń rò ó, òun náà sì ń rò ó. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun parọ́, kó gba ìwé rẹ̀, kó máa lọ.

"Bàbá mi ni, mà," ni Rekiat wí. "Àwọn ló dúró níbẹ̀ yẹn. Dókítà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé tíì."

Wọ́n pe Àbúdù. Ó wá, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Misis Benson ní kí bàbá jọ̀wọ́ fọwọ́ sí i. Àbúdù lè kọ orúkọ rẹ̀ ní Lárúbáwá kó hàn ketekete, ilé kéú ló ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ọ́fíìsì kan kò gba ìyẹn rí. Ìka ni wọ́n ń ní kó tẹ̀, ìka ló sì ń tẹ̀. Dókítà rí àyè sọ̀rọ̀. Ó ní ó mà ṣe o, ìwé yunifásítì nìyí, òun kò rí páàdì íǹkì tí wọ́n á fi tẹ̀ka níbí.

Àbúdù wo àtàǹpàkò rẹ̀. Gírísì wáyà ṣì wà lára rẹ̀, ó dúdú dáadáa. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì náà, ó gbé e kúrò. Gbogbo ìlà ìka rẹ̀ hàn níbẹ̀.

Misis Benson ní òun fúnra òun ni yóò gbé káàdì náà lọ sí ọ́fíìsì yunifásítì. Ó fẹ́ fi í sínú àpò, ṣùgbọ́n Àbúdù ní kó dúró. Ọdún mẹ́tàlélógún ni àwọn akọ̀wé fi kọ́ ọ ní nǹkan kan, wọ́n ń pariwo rẹ̀ mọ́ ọn létí bí ẹni pé adití ni, kò sì gbàgbé rẹ̀: ìka kì í dá dúró. Ẹni tó mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, pé òun jẹ́rìí pé ẹni yìí ló tẹ̀ ẹ́. Ó mú káàdì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Dókítà Ọláṣùpọ̀, bí ọmọ Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gbé nǹkan fún ènìyàn. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Gbogbo àlejò ń wò ó.

"Ẹ bá mi jẹ́rìí sí i, Dókítà," ni Àbúdù wí. "Abẹ́ ìka mi níbẹ̀ yẹn. Ẹ kọ ọ́ kékeré, àyè ẹlẹ́rìí kò pọ̀."

Dókítà tẹ̀ba, ó kọ ọ́.